Òfin Tuntun Lórí Fọ́nrán Àgbà Inú Fóònù

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdí-Ìyeyè, tọkùnrin tobìnrin, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, kí ẹ gbé etí sókè. Baálẹ̀ ló rán mi, n kò sọ ti ara mi.

Ẹni tí kò sí nílé lọ́jọ́ Sátidé, kó gbọ́. Mojírádé, ọmọ Bàbá Télọ̀, ló ṣe áàpù tí a ó máa fi gba nọ́ńbà nídìí omi ẹ̀rọ, kí ìjà korobá lè tán nílùú. Àwọn àlejò ti jókòó. Baálẹ̀ na ìka, wọ́n tẹ bọ́tìnnì lójú fóònù láti gba nọ́ńbà àkọ́kọ́. Ojú fóònù gan pa. Wọ́n tún un tẹ̀. Ó ṣì gan pa! Ìka Baálẹ̀ wà lókè títí ó fi rẹ ẹni tó ń ya fọ́tò. Baálẹ̀ abúlé kejì rẹ́rìn-ín. Mo ní wọ́n rẹ́rìn-ín!

Ìgbìmọ̀ ìlú ní kí a pa áàpù tì, kí a padà sí títo korobá. Mojírádé kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ṣàlàyé pé nínú fóònù, òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ya ohun tí ojú ń rí, òun náà ló sì ń gbọ́ nígbà tí ìka bá tẹ ojú fóònù. Fọ́nrán àgbà ni wọ́n ń pè é, èyí tí àwọn olóyìnbó ń pè ní main thread. Bí a bá rán an níṣẹ́ ọ̀nà jíjìn, ojú fóònù á gan pa títí yóò fi dé.

Ó wá kọ ìbéèrè sínú áàpù, tó ń bi iṣẹ́ ibẹ̀ léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá orí fọ́nrán àgbà ló wà. Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ tẹ ọ̀daràn: iṣẹ́ tó ń lọ kó fọ́tò gbogbo baálé ilé wá láti ọ̀nà jíjìn, orí fọ́nrán àgbà ló wà! Ó gbé e fún fọ́nrán mìíràn. Lánàá, Baálẹ̀ tún tẹ bọ́tìnnì, nọ́ńbà sì jáde kí wọ́n tó gbé ìka kúrò. Baálẹ̀ yíjú sí ọmọ náà, wọ́n ní, "Mojírádé, o bò mí láṣìírí." Bàbá Télọ̀ fi agbádá oníbàárà tó ń rán lọ́wọ́ nu omijé ayọ̀.

Nítorí náà, àṣẹ dé!

Èkíní: ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe áàpù nílùú yìí gbọ́dọ̀ bi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bóyá orí fọ́nrán àgbà ló wà. Ẹni tí kò bá bi í, yóò na ìka sókè bíi ti Baálẹ̀ lójú ọjà láti àárọ̀ di ọ̀sán.

Èkejì: yíya ojú fóònù, fọ́nrán àgbà nìkan ló ni ín. Ẹni tó bá gbé e fún ẹlòmíràn, áàpù rẹ̀ á wó, òun náà á sì pọn omi fún ìgbìmọ̀ lóṣù kan. Oṣù kan gbáko!

Ẹ̀kẹta: òfin yìí kan ilé. Ẹni tó ń dín àkàrà lọ́wọ́, òun ni fọ́nrán àgbà ilé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rán an lọ ra iyọ̀. Ẹni tó bá rán an ni yóò jẹ èyí tó jóná tán.

Ẹ̀kẹrin wá láti ọ̀dọ̀ ìyàwó Baálẹ̀. Láti àná, ohunkóhun tí wọ́n bá bẹ Baálẹ̀ sí, Baálẹ̀ á ní fọ́nrán àgbà lòun. Ìyàwó wọn ní irọ́ ni. Kí Baálẹ̀ wá gbé àga wọlé, òjò ṣú.

Mo jíṣẹ́ tán, n kò yọ, n kò fi kún un. Ẹni tí kò gbọ́, kó bi ẹni tó gbọ́. Kó má bi Baálẹ̀ o. Wọ́n ń gbé àga lọ́wọ́.