Emilbek Ọ̀gá Pascal àti Orúkọ Tó Fi Pamọ́

Bí ìgbéraga bá jẹ́ àgùntàn, agbo Emilbek Sarygulovich nìkan ìbá ti jẹ gbogbo koríko orí òkè Kyrgyzstan tán, ìbá sì tún máa ké pé ebi ń pa òun. Emilbek Ọ̀gá Pascal! Emilbek A-rí-kọ̀ǹpútà-kọ̀ǹpútà-gbọ̀n! Bó bá ń wọ ọ́fíìsì wọn ní Bishkek láàárọ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi Pascal, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ṣiṣẹ́, ikùn á kọ́kọ́ wọlé, ìyìn á tẹ̀ lé e, kí òun fúnra rẹ̀ tó dé.

"Ẹ̀yin ọmọ àná," ló máa ń wí, "èmi ni mo kọ́ Pascal lọ́rọ̀ sísọ."

Ta ló fẹ́ bá a jiyàn?

Ní tòótọ́, Burulcha, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló ṣe tábìlì orí kọ̀ǹpútà tí àwọn olówò ẹṣin Naryn fẹ́ rà, èyí tó ń to ìran ẹṣin títí dé baba ńlá rẹ̀ keje. Oṣù mẹ́jọ gbáko ló fi ṣe é. Emilbek ní kó jẹ́ kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀, nínú Pascal, èèyàn lè mú iṣẹ́ ẹlòmíì ṣe òbí, kó fi bí iṣẹ́ tirẹ̀. Ọmọ á sì jogún gbogbo àbùdá òbí. Emilbek bí tirẹ̀ lára ti Burulcha, ó kùn ún láwọ̀ búlúù, ó pè é ní Tábìlì Emilbek, ó wá sáré tọ Ìyáàfin Raikan, ọ̀gá wọn, lọ.

"Èmi nìkan ni mo ṣe é. Burulcha kẹ̀? Tíì ló ń mu!"

Ọ̀gá gbà á gbọ́. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé tábìlì náà lọ sí Naryn, kí Burulcha máa lọ sílé ẹ̀. Ẹni tó jí akèrègbè wàrà ló tún ń sọ pé òun ló bí ẹṣin!

Àmọ́ àbùdá méjì wà tó máa ń hàn nínú àtòkọ ẹ̀gbẹ́ ojú kọ̀ǹpútà: "Ẹni tó ṣe mí: Burulcha," àti "Bí mo bá yọnu, pe," pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù. Emilbek pa á rẹ́ títí, kò rẹ́. Ohun tí òbí bá ti gbé síta, Pascal kì í jẹ́ kí ọmọ gbé e padà sí yàrá.

Burulcha rí i tó ń làágùn, àmọ́ kò mọ̀ pé orúkọ òun ló fẹ́ pa rẹ́. "Bọ̀ọ̀dá Emilbek, kì í ṣeé ṣe báyẹn. Bẹ́ ẹ ò bá fẹ́ kó hàn, ẹ lọ jogún lára baba ńlá tí ò tíì gbé nǹkan kan síta, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ ara yín ṣe ìyókù."

"Fọwọ́ ara mi ṣe kí ni? Ọmọ yìí, ṣó o mọ ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀?"

Ó wá rí ọgbọ́n dá. Ó pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà tirẹ̀ pé kó má ṣe fi àbùdá méjèèjì hàn mọ́ nínú àtòkọ. Wọ́n pòórá lójú rẹ̀. Emilbek jó yí àga ká.

Lọ́jọ́ ọjà ní Naryn, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, Ìyáàfin Raikan jókòó níwájú. Emilbek fẹ́ ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ni Àgbà Jumakadyr, alága àwọn olówò ẹṣin, bá gbọ́wọ́ sókè.

"Ọmọ, a kì í dán ẹṣin wò ní pápá ẹni tó ń tà á. Kọ̀ǹpútà tiwa rèé, Pascal wà nínú ẹ̀. Gbé e gùn ún."

Emilbek rẹ́rìn-ín, ó gbé e gùn ún. Ó gbàgbé pé kọ̀ǹpútà tòun nìkan lòun bẹ̀ pé kó dákẹ́. Ni àtòkọ bá yọ gbàgàdà lára ògiri tí wọ́n ń tan ojú kọ̀ǹpútà sí.

"'Ẹni tó ṣe mí: Burulcha,'" ni àgbà kà. "Ta ló ń jẹ́ Burulcha?"

"Èmi ni, bàbá. Orúkọ tí ìyá mi fi ń kẹ́ mi ni."

"Orúkọ obìnrin? Ìyá ẹ mà fẹ́ràn ẹ o." Àgbà ti ń tẹ nọ́ńbà. Ó ṣí ohùn fóònù síta, ohùn obìnrin kan sì dáhùn:

"Ẹ ǹlẹ́ o, Burulcha ni. Ṣé tábìlì ló yọnu? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè sọ, mò ń kó ẹrù mi sí páálí ni. Wọ́n ti dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́."

"Ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi ni, bàbá. Ẹ tẹ baba ńlá kẹta lẹ́ẹ̀mejì, á ṣí ìran ìyá fún yín."

Àgbà tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí. Gbogbo ilé ṣe hàà.

Ìyáàfin Raikan dìde. "Emilbek, kí wá niṣẹ́ tìẹ nínú ẹ̀?"

"Ọ̀gá... èmi... èmi ni mo fi orúkọ ẹ̀ pamọ́."

Ẹ̀rín bú bí ààrá. "Burulcha!" ni Raikan ké, "tú ẹrù yẹn sílẹ̀. Ìwọ ni kó o ṣàlàyé fún wọn."

Ohùn fóònù kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó jókòó lẹ́yìn dáadáa, ni wọ́n bá gbé e lé Emilbek lọ́wọ́ pé kó nà án sókè. Wákàtí méjì ni Burulcha fi ṣàlàyé. Gbogbo ìgbà tápá Emilbek bá ti ń wálẹ̀, àwọn ará ẹ̀yìn á ké pé:

"Gbé e sókè o, Ọ̀gá Pascal! A ò gbọ́ Burulcha!"