Kọ̀ǹpútà Kú Lórí Afárá Kejì

Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn Jonah ọkọ mi kẹ́yìn, ariwo ló ń pa. Ọ̀sán ọjọ́ ọyẹ́ kan ni, nílé wa ní Osi, lọ́dún 1986. Èmi wà nídìí ọbẹ̀ ní ilé ìdáná, òun wà ní pálọ̀ nídìí kọ̀ǹpútà eléré tí Ọláyọdé ọmọ wa gbé ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀.

"Àbẹ̀bí! Àbẹ̀bí o! Sáré wá! Ó ti kú!"

"Ta ló kú?"

"Kọ̀ǹpútà!"

"Ẹ̀yin lẹ pa á!"

"O ò tíì dé ibí, o ti dá ẹjọ́."

"Ẹjọ́ wo ló tún kù? Mo fi ẹ̀yin méjèèjì sílẹ̀ láàyè. Mo kàn yíjú, ọ̀kan ti kú, èkejì ń pariwo. Ta ni kí n mú?"

Mo nu ọwọ́ mi sí etí ìró, mo wọlé. Ojú tẹlifíṣọ̀n tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Jonah ṣì di ọ̀pá kékeré tí wọ́n fi ń darí eré ọkọ̀ náà mú, kò fi í sílẹ̀.

"Bàbá Ọláyọdé, níbo lẹ dé kó tó kú?"

"Mo ti kọjá afárá kejì."

"Ẹ ti kọjá rẹ̀ ni, àbí ẹ wà lórí rẹ̀?"

"Táyà iwájú ti kọjá."

"Táyà ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Táyà ẹ̀yìn ń bọ̀."

"Èmi dé afárá kẹta láàárọ̀. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyániwúrà lorúkọ ọmọ."

"Irọ́! Moróhunfọ́lá ni! Eré ò tíì parí!"

Ọ̀rọ̀ náà kò ju èyí lọ: ìyàwó Ọláyọdé bí obìnrin ní Obbo-Aiyegunle, ọ̀la la ó sọ ọmọ náà lórúkọ. Jonah fẹ́ orúkọ ìyá tirẹ̀, èmi fẹ́ orúkọ ìyá tèmi. Orúkọ mẹ́wàá la lè kó lé ọmọ lórí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni gbogbo àdúgbò yóò máa fi pè é. A jà títí ó fi sú wa. Jonah ní ká lọ wa ọkọ̀ inú kọ̀ǹpútà, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá lọ jìnnà jù kó tó forí sọ nǹkan, orúkọ tirẹ̀ ni yóò ṣáájú. Òun ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wa lọ́rì. Èmi kò di sítíárì mú rí.

"Àbẹ̀bí, o ò mọ ọkọ̀ wà. Mo ń wò ọ́ láàárọ̀. O ò tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan. O ò fun họ́ọ̀nù ní kọ́nà. O gba àárín ọkọ̀ méjì kọjá bí ẹni tí inú ń run."

"Mo sì dé afárá kẹta."

"Èmi, mo dúró kí ọkọ̀ elépo kọjá."

"Ọkọ̀ elépo inú tẹlifíṣọ̀n?"

"Ẹni tó ń wà á ò níyàwó nílé ni?"

"Ẹ ò kúkú sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ kí i."

"Mo juwọ́ sí i."

"Ẹ juwọ́!"

"Ìwà awakọ̀ ni. Ibẹ̀ ni mo ti pẹ́."

Mo dì mọ́ ilẹ̀kùn, mo rẹ́rìn-ín. Inú bí i.

"Kúrò níbẹ̀, jẹ́ kí n tún un ṣe. Ọkọ̀ tó bá kú tí kò jí, nǹkan mẹ́ta ló ń ṣe é: bí kì í bá ṣe epo, iná ni, bí kì í bá ṣe iná, rédíétọ̀ ni."

"Kọ̀ǹpútà nìyí o, kì í ṣe ọkọ̀."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Ọkọ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Epo rẹ̀ dà?"

"Iná mànàmáná ló ń mu. Gílóòbù sì ń tàn lórí yín níbẹ̀ yẹn."

"Ó lépo nìyẹn. Wáyà rẹ̀ ńkọ́? Fà á wò."

"Mo fà á. Kò mì."

"Tẹ bọ́tìnnì."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́."

"Tún un tẹ̀."

"Kò dáhùn."

"Tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ kó jí!"

"Báwo ni ẹni tí kò fẹ́ kó jí ṣe ń tẹ̀ ẹ́?"

"Bí ẹni tó ti dé afárá kẹta!"

"Ẹ wá fi ọwọ́ yín tẹ̀ ẹ́ nígbà náà."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́, ó fi ìka àárín tẹ̀ ẹ́, ó di ojú tẹ̀ ẹ́. Tẹlifíṣọ̀n kò ṣẹ́jú.

"Bàbá Ọláyọdé, ẹ jẹ́ ká ránṣẹ́ pe ọmọ yín. Òun ló mọ nǹkan rẹ̀."

"Ká ní kí ni? Ká ní bàbá rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà, àti ìyá rẹ̀ tó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́?"

"Kì í ṣe tẹ́tẹ́. Ìdíje ni."

"Lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún àlùfáà. Àárọ̀ kùtù la ó wọ ọkọ̀ lọ sí Obbo, orúkọ kan la sì gbọ́dọ̀ mú dání. Dìde, a ó tì í."

"A ó ti kí ni?"

"Ọkọ̀ tí kò bá jí, títì ni. Ìwọ máa ti tábìlì, èmi á di bọ́tìnnì mú. Bó bá ti sáré díẹ̀, màá já a sí gíà."

"Ká tì í lọ síbo?"

"Síwájú! Ibo la ń ti ọkọ̀ sí?"

Mo ká apá aṣọ mi, mo ti tábìlì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń han goorò lórí símẹ́ńtì. Jonah ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìka lórí bọ́tìnnì, bí ìgbà tó wà lọ́mọdé lẹ́yìn lọ́rì.

"Ó fẹ́ mú! Tì í! Ó fẹ́ mú!"

"Ògiri o!"

"Bíréèkì!"

"Tábìlì ò ní bíréèkì!"

Ó gbá ògiri gbà-à. Kàlẹ́ńdà ìjọ já bọ́ lé Jonah lórí.

"Ó parí," ni mo wí. "Ọkọ̀ yín ti forí sọ ògiri. Ìyániwúrà."

"Ìyẹn kì í ṣe ọkọ̀. Tábìlì ni."

"Ẹ̀yin lẹ ní ọkọ̀ ni!"

"Ọkọ̀ tó ti kú kì í ṣe ìjàm̀bá. Òfin ìrìnnà wà."

"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà sí i, nígbà tí kò gbọ́ títì."

"Ká gbàdúrà sí kọ̀ǹpútà?"

"Ẹ̀rọ tí Ìyá Sikirat aládùúgbò wa fi ń rin ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Ó dákẹ́, wọ́n pe wòlíì aládùúrà, ó gbàdúrà sí i, ó ṣiṣẹ́."

"Lẹ́yìn àdúrà, Ìyá Sikirat bu epo sí i. Mo wà níbẹ̀. Kò sí epo nínú rẹ̀ rárá tẹ́lẹ̀."

"Àdúrà ló jẹ́ kó rántí."

Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ tó bo kọ̀ǹpútà láti bẹ̀rẹ̀ àdúrà, mo sì tètè fà á yọ.

"Yéè! Ibà ni! Bàbá Ọláyọdé, ara rẹ̀ ń jó!"

"Rédíétọ̀! Mo wí! Ṣé mo wí tàbí mi ò wí?"

"Ibà ni mo ní. Ẹ jẹ́ kí n rẹ aṣọ sómi, kí n fi nù ún lára."

"Aṣọ kẹ̀? Omi gidi là ń bù sí rédíétọ̀. Gbé abọ́ omi wá."

Mo bu omi wá. Ó gba abọ́ náà, ó dúró lórí kọ̀ǹpútà bí ẹni tó fẹ́ ṣèrìbọmi.

"Ṣí ìdérí rẹ̀."

"Ìdérí wo?"

"Ìdérí rédíétọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ mọ ọkọ̀. Ẹ fi hàn mí."

Ó yí tábìlì po. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́. Omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀.

"Abẹ́ aṣọ ló máa wà. Bọ́ aṣọ rẹ̀."

Ká sọ tòótọ́, kọ̀ǹpútà náà wọṣọ ju àwa méjèèjì lọ. Mo ká èyí tó wà lókè kúrò.

"Ta ló da bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn báyìí bò ó?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ ní ó ti Lọ́ńdọ̀nù dé, kò mọ ọyẹ́ wa."

"Mo gbàgbé. Èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Òwú tí mo fi ọwọ́ mi hun ni. Rédíò wọ tirẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n wọ tirẹ̀. Àwọn èèyàn ń wọlé wá kí wa kú ewu ọmọ, ṣé ìhòhò ni kí wọ́n bá àlejò òkè òkun?"

"Àti èyí tó tún wà lábẹ́ òwú?"

"Ṣìmí rẹ̀ ni."

"O rán ṣìmí fún kọ̀ǹpútà?"

"Òwú a máa yún ara."

Jonah gbé abọ́ omi sílẹ̀ kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Mo bọ́ ṣìmí náà. Bí mo ti bọ́ ọ ni ooru rọ́ lù mí lójú, bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìkòkò iṣu. Ihò kéékèèké tò sí ẹ̀yìn rẹ̀ bí ojú asẹ́.

"Ẹ wò ó! Imú rẹ̀ rèé!"

"Ihò rédíétọ̀ nìyẹn."

"Imú ni! Ẹ gbé ọwọ́ síbẹ̀, ẹ ò rí i pé ó ń mí jáde? Bàbá Ọláyọdé, a ti dí ọmọ ọlọ́mọ nímú látìgbà tí ọyẹ́ ti dé!"

"Ó dáa. Sún sọ́hùn-ún, kí n bu omi sí i."

"Níbo?"

"Nínú ihò yìí."

"Ẹni tó ń wá èémí, ẹ fẹ́ bu omi sí i nímú?"

"Rédíétọ̀ tó bá gbóná..."

"Ẹ mu ún!"

"Kí ni?"

"Omi yẹn. Ẹ mu ún. Ẹ̀yin lara yín gbóná jù nínú ilé yìí."

Ó wò mí. Mo wò ó. Ó gbé abọ́, ó mu ún tán.

Mo mú abẹ̀bẹ̀ méjì wá, a jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kìíní kejì kọ̀ǹpútà, a ń fẹ́ ẹ bí ọba.

"Àbẹ̀bí, ká dá ẹjọ́ yìí bó ti yẹ. Bùláńkẹ́ẹ̀tì tèmi, òkè ló wà. Ṣìmí tìrẹ ló lẹ̀ mọ́ ọn nímú. Nínú àwa méjèèjì, ta ló sún mọ́ òkú jù?"

"Ẹ̀yin lẹ bò ó pa. Èmi kàn wọṣọ fún un ni."

"Ìwọ lo pa á nígbà tí mo fẹ́ borí."

"Pẹ̀lú táyà ẹ̀yìn tó ń bọ̀?"

"Ó ń sáré bọ̀ ni."

"Bó bá jí, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Kì í rántí ibi tí èèyàn dé. Kásẹ́ẹ̀tì tí eré náà wà nínú rẹ̀ yóò tún ké wíí-wíí, ẹ ó sì tún gbéra láti ilé."

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Mi ò ní juwọ́ sí ẹnikẹ́ni mọ́."

"Ọkọ̀ elépo ńkọ́?"

"Kí ìyàwó rẹ̀ máa gbàdúrà."

"Họ́ọ̀nù ní kọ́nà?"

"Kò sí họ́ọ̀nù. Bí ìwọ ṣe wà á ni màá wà á. Bí wèrè."

Ọwọ́ rẹ̀ rọ lórí abẹ̀bẹ̀. Ó dìde, ó jókòó sínú àga rẹ̀, ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì náà bora dé àyà.

"Èyí ti di tèmi. Èmi kò ní ihò lẹ́yìn."

"Ẹ ní in. Ẹ jókòó lé e ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó fi etí bùláńkẹ́ẹ̀tì nu omi ojú.

"Àbẹ̀bí, ọbẹ̀ rẹ ń jóná. Lọ wò ó. Kí n dijú díẹ̀. Bó bá ti jí, kí o jí mi."

"Mo gbọ́."

"Má lọ dá wa ọkọ̀ o! Èmi ló kàn."

"Ẹ̀yin ló kàn."

"Moróhunfọ́lá!"

"Ẹ kọ́kọ́ gbé táyà ẹ̀yìn dé!"

Mo lọ gbé ọbẹ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo padà wọlé, ara kọ̀ǹpútà ti tutù. Mo tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan péré, ó jí. Jonah kò jí.

Keziah ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì bi ẹnikẹ́ni. Orúkọ tiwa méjèèjì tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Bí Ọláyọdé bá bi mí èwo ló ṣáájú nínú wọn, mo máa ń sọ fún un pé a ò tíì mọ̀. Jonah ló kàn.