Bàsíà Mẹ́fà fún Ọba Íńdíà

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lọ́dún 1988, òjò lé àwọn oníbàárà kúrò ní Ọjà Igbó, l'Ógbómọ̀ṣọ́. Saifudeen, akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ láti Ọ̀yọ́, sá wọ ìsọ̀ Ìyá Rúùtù, ìyá Aládùúrà tó ń ta abọ́ tánganran, tó sì tún jẹ́ onílé rẹ̀. Lọ́la ni olùyẹ̀wò ń bọ̀ wá wo bó ṣe ń kọ́ni. Bó bá fìdí rẹmi, ó di kó tún ọdún ṣe.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bí ọmọ kíláàsì mi. Gbogbo wọn ló sùn lọ níjọ́sí."

"Ó dáa, tíṣà. Máa sọ ọ́."

"Lọ́dún 1498, ọkọ̀ mẹ́ta láti ilẹ̀ Potogí gúnlẹ̀ sí ìlú kan ní Íńdíà."

"Ọkọ mẹ́ta! Ìyàwó mélòó?"

"Ọkọ̀, mà! Ti ojú omi."

"Òjò ló ń lu páànù. Ó yé mi wàyí: àwọn ọkọ gba ojú omi wá. Ọmọ ta ni wọ́n fẹ́ fẹ́?"

"Wọn ò fẹ́ ẹnì kankan! Ẹ̀bùn ni wọ́n gbé lọ fún ọba."

"Ṣé o rí i? Ìdáná ni."

(Saifudeen mí kanlẹ̀, ó ṣí ìwé.) "Fìlà mẹ́fà, ṣúgà, oyin, òróró, àti bàsíà ìfọwọ́ mẹ́fà."

(Ìyá Rúùtù fò dìde.) "Bàsíà? Fún ọba?"

"Ṣebí bàsíà lẹ̀yin náà ń tà!"

"Mò ń tà á ni, n ò gbé e wọ ààfin! Kí làwọn ìjòyè wí?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní oníṣòwò tó tòṣì jù láti Mẹ́kà ń mú jù bẹ́ẹ̀ wá. Wúrà ni kí wọ́n lọ mú wá."

"Háà! Àna kọ̀ wọ́n!"

"Kò sí àna níbẹ̀, mà..." (Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á.) "Ìyá, ẹ yá mi ní bàsíà mẹ́fà. Bí ìdáná ni màá ṣe kọ́ wọn lọ́la."

"Fọ̀ wọ́n kó o tó kó wọn padà o."

Lọ́jọ́ kejì, Saifudeen sáré wọ ìsọ̀, ó rẹ́rìn-ín dé etí.

"Ìyá, mo yege! Ẹnì kankan ò sùn. Olùyẹ̀wò pàápàá rẹ́rìn-ín."

"Ọpẹ́ ni f'Ólúwa! Kò bi ọ́ ní nǹkan kan?"

"Ẹyọ kan. Ó ní kí làwọn Potogí ń wá gan-an? Mo ní nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Mùsùlùmí kan láti Túnísì bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní Kìrìsìtẹ́nì àti ata làwọn ń wá."

Ìyá Rúùtù wo ìsọ̀ ọmọ ìjọ rẹ̀ kan tó ń ta ata lódìkejì, ó mi orí.

"Ẹ̀yin ará! Gbogbo ìyà ojú òkun yẹn! Ká ní wọ́n yà sí Ọjà Igbó ni, ìsọ̀ kan ṣoṣo ni wọn ì bá ti rí méjèèjì!"