Kọ́lọ́mù Tó Sọ Ẹ̀gbọ́n Di Àbúrò

"Ta ló kọ Àbúrò síwájú orúkọ mi?!"

Ẹ gbọ́ igbe! Díẹ̀ ló kù kí páànù orí ọ́fíìsì ṣí.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà ni o. Òun ló ń tọ́jú sítọ̀ọ̀ nílé-iṣẹ́ fóòmù wa, òun náà ló fún ara ẹ̀ lórúkọ yẹn. Kò sẹ́ni tí kì í pè ní àbúrò. Dẹ́rẹ́bà wa, tójú ẹ̀ ń dán bíi tọmọdé, ló ń rí màbo jù: "Àbúrò, bu omi wá! Àbúrò, nu bàtà mi!"

Èmi ni mo ń bá wọn kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ìjà "mo jù ẹ́ lọ" ti pọ̀ jù níbi iṣẹ́, ni ọ̀gá bá ní kí n fi kọ́lọ́mù kan kún àtẹ orúkọ òṣìṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kọ nǹkan sínú ẹ̀ o. Ọdún ìbí rẹ àti tẹni kejì ló máa wò, á ṣírò ẹ̀ fúnra ẹ̀, á wá sọ ohun tí wàá máa pe onítọ̀hún.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, dẹ́rẹ́bà ló kọ́kọ́ tẹ̀ka mọ́ ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà. Fìn-ín! Àtẹ tàn lára ògiri, ó kọ ohun tí dẹ́rẹ́bà á máa pe kálukú. Ẹ̀gbọ́n Àgbà: Àbúrò.

Yéè!

"Pa á rẹ́ kíá!"

"Kò ṣeé pa rẹ́, sà. Ìṣirò ni. Ọdún ìbí nìkan ló ṣeé yí..."

Kí n tó panu dé, ó ti já kíbọ́ọ̀dù gbà. Gbì-gbì-gbì! Ó fi ogún ọdún kún ọjọ́ orí ara ẹ̀.

Fìn-ín! Bàbá.

"Ẹ dúró, sà, kọ́lọ́mù kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó..."

"Panu mọ́! Dẹ́rẹ́bà, dọ̀bálẹ̀!"

Dẹ́rẹ́bà nà gbalaja.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà yan lọ sídìí ilẹ̀kùn sítọ̀ọ̀, ó tẹ̀ka.

Bùùù! Kò ṣí.

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Bùùù!

La bá yíjú sí àtẹ. Kọ́lọ́mù kejì, tó ń sọ ẹni tí ilẹ̀kùn máa ṣí fún, náà ti rí ọdún ìbí tuntun, ó ti ṣírò tiẹ̀: Ti fẹ̀yìn tì.

Ẹ̀rín ń pa mí! Mo ti wà nílẹ̀, mò ń fọwọ́ lu ilẹ̀.

"Dá a padà!"

"Òṣìṣẹ́ nìkan ló lè ní kí n yí i, sà."

Oúnjẹ ẹ̀ sì wà nínú sítọ̀ọ̀ yẹn o! Ló bá rọra yọ́ lọ bá dẹ́rẹ́bà, ó tẹ̀ríba:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ̀ka kí ilẹ̀kùn ṣí."

Dẹ́rẹ́bà gbá a lápá mú jẹ́jẹ́.

"Háà, Bàbá! Àgbàlagbà bíi tiyín? Ẹ rọra máa gbẹ́sẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mú yín sọdá títì."