Pẹpẹ Inú Pálọ̀

Káfíńtà kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ìbejì. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dá a lójú, ẹnu rẹ̀ ni kò dá a lójú; tí ọ̀rọ̀ bá ti kúrò lórí igi àti ìṣó, ìyàwó rẹ̀ ló máa ń bá a sọ ọ́. Télọ̀ ni Ìyá Ìbejì ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ò sì fìgbà kankan wọ́n lẹ́nu rẹ̀, bí òwú ò ṣe wọ́n nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, ó ti ìpàdé àwọn ìyá ìjọ dé, ó ṣílẹ̀kùn pálọ̀, ó bá ọkọ rẹ̀ lórí àpótí, hámà lọ́wọ́, ìṣó lẹ́nu, pẹ́ńsù létí.

"Ẹ kúulé o."

Bàbá Ìbejì yọ ìṣó lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. "Káàbọ̀. Má tíì sọ nǹkan kan. Kọ́kọ́ wò ó ná."

Ìyá Ìbejì wò ó. Pákó gígùn kan ló wà lára ògiri, láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé títí dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ọkọ rẹ̀ ti fá a títí tó fi ń dán bí ojú ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró pa. Ó wá kan páànù lé e lórí.

"Kí lèyí, Bàbá Ìbejì?"

"Pẹpẹ ni."

"Mo rí i pé pẹpẹ ni. Pẹpẹ kí ni?"

"Pẹpẹ ìdílé. Èyí tó o sọ láàárọ̀. O ní Màmá Pásítọ̀ sọ pé gbogbo ilé onígbàgbọ́ ló yẹ kó ní pẹpẹ ìdílé, pé tiwa nìkan ni ò sí, pé ojú ń tì ọ́. Mo ní kí ló dé? Kí ojú máa ti ìyàwó káfíńtà nítorí pẹpẹ? Mo gbé iṣẹ́ oníṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀."

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán láàárọ̀ ṣá?"

"Ayùn ń dún. Àmọ́ mo gbọ́ èyí tó ṣe kókó níbẹ̀. O ní ìdí ilé. Mo kọ́kọ́ fẹ́ kàn án sísàlẹ̀ níbi ìdí ògiri, kó lè jẹ́ ti ìdí ilé lóòótọ́. Ìgbà tí mo ro ti eku ni mo gbé e sókè."

"Ìdílé ni mo pè. Ẹ̀yin lẹ dá lọ sí ìdí ilé."

"Ọ̀nà wọn ò kúkú jìn síra."

"Páànù yẹn ńkọ́?"

Inú Bàbá Ìbejì dùn pé ó béèrè. Ó fi hámà kan páànù náà, ó dún gbàn-ìn. "O ní iná orí pẹpẹ ò gbọdọ̀ kú tọ̀sán-tòru. Iná, lórí pákó? Èmi tí mo mọ igi? Mo ní tí iná ò bá gbọdọ̀ kú, àwa náà ò gbọdọ̀ kú. Ni mo bá fi páànù bò ó."

Ìyá Ìbejì tú gèlè, ó jókòó. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọkọ rẹ̀ wò ó títí, kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún.

"Ṣé kò gún ni?"

"Ó gún."

"Àbí ti Màmá Pásítọ̀ dára jù ú lọ? Igi wo ni wọ́n fi ṣe tiwọn?"

"Tiwọn ò ní igi."

Ojú Bàbá Ìbejì yí padà. "Irin ni. Mo mọ̀. Wọ́n ti gbé e fún wẹ́dà."

"Kò sẹ́ni tí wọ́n gbé e fún. Kò sí irin níbẹ̀, kò sí igi, kò sí ìṣó."

"Láìsí ìṣó? Yóò wó."

"Ó ti wà látọdún tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, kò wó."

Bàbá Ìbejì jókòó lé etí àpótí. Látìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́, kò tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí. "Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n wá wò ó?"

"Bàbá Ìbejì, ẹ fetí sílẹ̀. Pẹpẹ tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kàn. Gbogbo wa pátá, èmi, ẹ̀yin, àwọn ọmọ, la ó máa wà níbi pẹpẹ láràárọ̀."

Káfíńtà gbójú sókè wo pákó rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó tún wo pákó, bí ẹni tó ń fi ojú wọn nǹkan. "Ìṣó yìí lè gbé àwọn ọmọ. Èmi pẹ̀lú rẹ ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Má bínú."

"Èwo ni 'má bínú' níbẹ̀?"

"Mi ò sọ nǹkan kan."

"Ta ló ní a ó gùn ún? Ibẹ̀ la ó ti máa rú ẹbọ..."

Bàbá Ìbejì dìde dúró. "Ẹbọ. Nínú ilé mi. Ìyá Ìbejì, kí ni mo sọ lọ́jọ́ tí mo jáde nínú omi ìrìbọmi? Mo ní èmi pẹ̀lú ẹbọ, ó pin."

"Ẹbọ ìyìn ni. Ẹnu la fi ń rú u. Ká kọrin, ká ka Bíbélì, ká gbàdúrà, ká wá jáde lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀yin ni bàbá, ẹ̀yin ni àlùfáà ilé, ẹ̀yin lẹ máa ṣáájú."

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ náà tó yé e. Pákó tó fi gbogbo ọ̀sán fá, asán ni. Ẹnu rẹ̀, tí kò dá a lójú, ni wọ́n ń wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí yóò gbà jáde.

"Mi ò ní aṣọ àlùfáà."

"Aṣọ tó wà lọ́rùn yín yẹn ti tó."

"Aṣọ ọrùn lèyí. Aṣọ ọ̀run ni àlùfáà ń wọ̀. Ìwọ ni télọ̀, kọ́kọ́ rán an ná, ká tó máa sọ ìyókù. Wò ó, gọ́ọ̀mù ló kún apá èyí."

"Ọlọ́run ò kórìíra gọ́ọ̀mù. Ilé káfíńtà kọ́ ni Jésù dàgbà sí ni?"

Ó rò pé òun ti dè é mọ́lẹ̀. Àmọ́ Bàbá Ìbejì gbé orí sókè. Ó pẹ́ tó ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí lọ́kàn, kò tíì rí ẹni tó máa sọ ọ́ fún ni.

"O ṣé tó o dárúkọ rẹ̀. Jósẹ́fù. Ṣí ìwé Mátíù, ṣí ti Lúùkù, wá ibì kan fún mi tí Jósẹ́fù ti sọ gbólóhùn kan. Áńgẹ́lì sọ̀rọ̀. Màríà kọrin. Àwọn olùṣọ́ àgùntàn pàápàá sọ tiwọn. Jósẹ́fù? Ó dìde, ó di ẹrù, ó lọ. Káfíńtà ni. Iṣẹ́ ló ń ṣe."

Ìyá Ìbejì tẹ orí ba. Ó ká gèlè rẹ̀ sórí itan, ó tú u, ó tún un ká. Ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ kì í ba Bàbá Ìbejì lẹ́rù. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ló máa ń bà á lẹ́rù.

"Kí ló dé?"

"Lánàá, mò ń dirun fún àwọn ọmọ. Ọ̀kan bi mí pé, 'Màámi, tí èèyàn bá ti dàgbà tó Bàámi, ṣé àdúrà á ti tán lára ẹ̀ ni?' Kí n tó lanu, ìkejì ti dá a lóhùn. Ó ní, 'Ti obìnrin ni. Bàámi kì í ṣe é.'"

Bàbá Ìbejì gbé hámà sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni pé ọmọ ń sùn nítòsí.

"Mo máa ń gbàdúrà."

"Níbo?"

"Ní ṣọ́ọ̀bù. Láràárọ̀, bí mo bá ti ń fá pákó. Orúkọ wọn ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀."

"Ta ló ń gbọ́ ọ?"

"Ọlọ́run."

"Ọlọ́run gbọ́. Àwọn ọmọ ò gbọ́. Àbí ṣọ́ọ̀bù la ti bí wọn?"

Bàbá Ìbejì wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó jókòó, ó ń họ gọ́ọ̀mù kúrò lápá aṣọ rẹ̀. Ohun tó dùn ún jù ni pé kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sọ.

"Mi ò mọ̀ ọ́n gbà ni," ló wí níkẹyìn. "Ṣé o ò rí bí àwọn àgbà ìjọ ṣe ń ṣe é? Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Ádámù, wọ́n á bá Nóà wọ ọkọ̀, ẹsẹ̀ mi á ti kú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Mósè."

"Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ dé ọ̀dọ̀ Mósè. Ẹ jẹ́ ká dán an wò báyìí, àwa méjì péré. Àwọn ọmọ ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé. Ẹ kúnlẹ̀."

"Ilẹ̀ ti kún. Wo èérún pákó."

"Ẹ kúnlẹ̀ sórí ẹ̀ jàre."

Ó kúnlẹ̀. Ó dijú. Ó wúkọ́, bí ẹni tó fẹ́ dá iye lé àga fún oníbàárà ahun.

"Ọlọ́run, ẹ káàárọ̀."

"Ilẹ̀ ń ṣú lọ, Bàbá Ìbejì."

"Ṣebí àárọ̀ lo ní a ó máa ṣe é? Ti àárọ̀ ni mò ń kọ́."

"Ó dáa. Ẹ máa bá a lọ."

"Ọlọ́run, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kú iṣẹ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín..."

"Ọlọ́run kan ṣoṣo ló wà. 'Ìwọ' là ń pè é. Ẹ ní, 'Ìwọ Ọlọ́run, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.'"

Káfíńtà la ojú kan. "Kí n pe Ọlọ́run ní ìwọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú Bíbélì."

"Bàbá rẹ ńkọ́? Látọjọ́ tí mo ti wá tọrọ rẹ, ṣé mo pè wọ́n ní ìwọ rí?"

"Rárá o."

"Ẹni tó dá bàbá rẹ ni kí n wá máa pè ní ìwọ? Kí wọ́n lè máa sọ lọ́run pé wọn ò kọ́ mi nílé?"

Ìyá Ìbejì fọwọ́ họ orí. Gbogbo ìpàdé tí wọ́n ti ń ṣe, Màmá Pásítọ̀ ò tíì kọ́ wọn ní èsì èyí. "Ẹ pè é bó bá ṣe wù yín."

Bàbá Ìbejì tún dijú. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá ibi tí yóò gbé e sí, ó bá àjẹkù pákó kan nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, síwá, sẹ́yìn, bó ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. Ó jọ pé ó ti gbàgbé pé ẹnì kan wà nínú yàrá náà.

"Bàbá, èmi náà tún rèé. Ẹ ṣé tí ẹ jẹ́ ká jí. Àwọn ọmọ mi méjèèjì rèé. Èyí tó máa ń béèrè ọ̀rọ̀, ẹ má jẹ́ kó bá ẹni tó máa pa á lẹ́nu mọ́ pàdé. Èyí tó máa ń dáhùn kí wọ́n tó bi í, ẹ bá wa fún un ní sùúrù. Ẹ ṣáà mọ ibi tó ti mú un."

Ìyá Ìbejì wúkọ́ díẹ̀. Kò gbọ́ ọ.

"Ìyàwó mi náà rèé. Ojú ń dà á láàmú, kò sì sọ fún mi. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ní báyìí, á gbé e lọ sójú fèrèsé, á fi ahọ́n lá òwú, á tì í, kò ní wọlé, á tún un tì, á wá bojú wẹ̀yìn bóyá mò ń wò ó. Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú ojú yẹn. Tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ń dún níyàrá kejì, ìgbà yẹn ni ọkàn mi máa ń balẹ̀ pé ilé mi wà láàyè. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí mi ò lè sọ, ẹ gbọ́ ọ mọ́ ọn. Ní orúkọ Jésù Olúwa wa."

Ó dúró de àmín. Àmín ò wá.

"Ṣé mo ṣì í ni?"

Ó lajú. Ìyá Ìbejì fi gèlè bo ojú. Ẹnu rẹ̀ ń mì, ohùn ò jáde. Látọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọ̀rọ̀ máa tán lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà ni àmín náà ti wá, ohùn méjì tó dún bí ọ̀kan. Aṣọ náà sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn Ìbejì dúró síbẹ̀, ìfófòó ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n wá. Wọ́n wọlé, ọ̀kan kúnlẹ̀ sápá ọ̀tún bàbá wọn, ìkejì sápá òsì, sínú èérún pákó. Èyí tó máa ń dáhùn ọ̀rọ̀ kò sọ nǹkan kan. Ó kàn fi ọwọ́ tútù rẹ̀ di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú.

Bàbá Ìbejì fi ọwọ́ kejì fa ìkejì mọ́ra. Ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé o rí i, bí gbogbo wa ṣe pé yìí, a ti ṣe ti ọ̀la mọ́ ọn nìyẹn."

Bí ohùn Ìyá Ìbejì ṣe padà dé nìyẹn. "Ti ọ̀la kẹ̀? Oúnjẹ tí ẹ jẹ lánàá, ṣé ó dá ti òní dúró?"

Bàbá Ìbejì rò ó. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti gbọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èyí ló yé e jù.

"Ṣé bí oúnjẹ ló ṣe rí?"

"Bí oúnjẹ ló ṣe rí. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, láràárọ̀, ó ti tó."

Bàbá Ìbejì wo ọmọ tó wà lápá ọ̀tún, ó wo èyí tó wà lápá òsì. Ó wá gbójú sókè wo ìyàwó rẹ̀, bó ṣe máa ń wo oníbàárà tó bá fẹ́ kó dín igi kù nídìí ibùsùn.

"Ẹ̀ẹ̀kan? Ìyá Ìbejì, ṣé o fẹ́ febi pa àwọn ọmọ ni?"