Èèrà Tí Mo Pè Ní Ikán

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láyé: Sátidé tí ìyá Fúnmi, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́, wá láti Òkà wá wo ilé mi n'Ìkàrẹ́.

Tíṣà báólójì ni mí. Ìyẹn gan-an ló kó bá mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, mo rí àwọn kòkòrò tíntìntín kan tí wọ́n tò lọ bẹẹrẹ lára igi ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Mi ò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n tí mo fi pariwo pé, "Ikán!" Onílé mi ní èèrà lásán ni. Mo rẹ́rìn-ín ẹni tó kàwé, mo sì fún bàbá àgbà yẹn ní lẹ́kíṣọ̀. Lẹ́yìn náà mo mú òòlù, mo tú igi ilẹ̀kùn rẹ̀. Mi ò rí ikán kan ṣoṣo. Mo ní wọ́n ti sá lọ ni.

Ni mo bá ra oògùn kòkòrò, mo fín ilé ìdáná bí ẹni ń fín oko kòkó. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti wà ní yàrá, wọ́n wà ní pálọ̀, wọ́n wà nínú aṣọ.

Nígbà tó di Sátidé, ìyá Fúnmi dé. Màmá jókòó ní pálọ̀, mo gbé tíì wá.

"Ọmọ mi, ṣúgà rẹ ń rìn."

Kí n tó dáhùn, nǹkan ń rìn nínú ṣòkòtò tèmi náà. Mo fò sókè, mo ń gbá ìdí ara mi níwájú ìyá ìyàwó!

Màmá rọra tẹjú mọ́ ìlà wọn títí dé ilẹ̀kùn ilé ìdáná. "Ta ló tú ilẹ̀kùn yìí?"

"Èmi ni, Mà. Ikán ni…"

"Ikán tó ní ìbàdí tín-ín-rín báyìí? Ikán ò ní ìbàdí. Èèrà ilé nìyí. Ìyá tó ń yé ẹyin fún wọn kì í ṣe ẹyọ kan. Tó o bá fín wọn, wọ́n á pínyà, wọ́n á lọ tẹ̀dó síbòmíràn. Fi oògùn díẹ̀ sínú oyin, kí wọ́n fúnra wọn gbé e délé."

"Ìwé wo lẹ ti kà á, Mà?"

"Ìwé kẹ̀? Búrẹ́dì ni mò ń ṣe l'Òkà. Ẹni tó ń bá ṣúgà gbé gbọ́dọ̀ mọ èèrà."

Oyin náà ṣiṣẹ́. Màmá fún mi ní Fúnmi, ṣùgbọ́n ó ní kí n kọ́kọ́ tún ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn ṣe, kí n sì dọ̀bálẹ̀ fún onílé. Mo ṣe méjèèjì. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kéèyàn wo nǹkan dáadáa kó tó sọ ọ́ lórúkọ. Tí Fúnmi bá ń ròyìn bí mo ṣe jó lọ́jọ́ yẹn fáwọn àlejò, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?