Ọjọ́ tí Àwọn Àna Mi Ń Wá Ìrù Lára Mi

Ọjọ́ pọ̀ tí mo ti gbàgbé, ṣùgbọ́n Sátidé tí mo kọ́kọ́ wọ ilé àwọn àna mi ní Igbotako, títí n ó fi darúgbó ni yóò máa wà lọ́kàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bó ṣe jẹ́, torí ó ṣì ń dùn mí.

Bùsáyọ̀ ni mo fẹ́ fẹ́. Bàbá rẹ̀ ti lé ọkùnrin kan dànù rí, wọ́n ní kò mọ èèyàn kí, ìdí nìyí tí àyà mi fi ń já. Bùsáyọ̀ wá kì mí láyà lórí fóònù pé, "Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọdẹ ni wọ́n. Ṣáà máa bá wọn sọ ọ̀rọ̀ ọdẹ, wọ́n á fẹ́ràn rẹ." Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà ní Okitipupa, tí ẹran tí mo mọ̀ kò ju adìẹ lọ, kí ni mo mọ̀ nípa ọdẹ?

Ẹsẹ̀ mi tún wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Fráídè, mo wọ ṣòkòtò péńpé lọ gẹ irun. Nígbà tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, apá ọ̀tún tí sàlẹ́ńsà wà gan-an ni èmi ọlọ́gbọ́n gbà sọ̀. Ó jó mi lẹ́yìn ojúgun ẹsẹ̀ ọ̀tún. Obìnrin tó ń ta oògùn ládùúgbò wa fi báńdéèjì wé e bíi pé wọ́n gé ẹsẹ̀ náà ni. Bí mo ṣe ń tiro wọ Igbotako nìyẹn, nínú ṣòkòtò tuntun kan tó fún mọ́ ẹsẹ̀ pinpin, tí báńdéèjì yọ gọngọ lábẹ́ rẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó. Bàbá wà níbẹ̀, Màmá wà níbẹ̀, pẹ̀lú Àǹtí Dúpẹ́, àbúrò Bàbá, tí ẹnu wọn kì í dákẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà gbogbo ilé dákẹ́. Bùsáyọ̀ ṣẹ́jú sí mi. Mo bá ní, "Bàbá, báwo niṣẹ́ ọdẹ, sà?"

Bàbá mí kanlẹ̀. "A dúpẹ́. Lánàá yìí ni ìgalà kan bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nínú oko ẹ̀gẹ́ mi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ìbọn ti bà á. Ó ń tiro lọ, mi ò rí i mọ́."

Ẹni tórí rẹ̀ pé á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," á sì panu mọ́. Èmi kọ́! Fídíò orí fóònù ti kún mi lórí. Mo ní, "Sà, ó lè jẹ́ èèyàn o! Nílùú Òyìnbó, wọ́n ní tí òṣùpá bá ti kún, àwọn ọkùnrin kan a máa di ìkookò. Ọdẹ kan ṣá ìkookò lọ́wọ́, nígbà tílẹ̀ mọ́, aládùúgbò rẹ̀ ló bá tó fi aṣọ wé ọwọ́. Ní Íńdíà, ẹkùn ni wọ́n ń dà. Àwa náà ńkọ́? Ṣé ẹ ò gbọ́ nípa obìnrin tó ń bọ́ awọ àgbọ̀nrín pamọ́ kó tó lọ sọ́jà? Ọgbẹ́ ara wọn ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀, sà. Ọgbẹ́!"

Mo rò pé mo ti ṣe bẹbẹ. Nígbà tí mo wojú wọn, gbogbo wọn ń wo ẹsẹ̀ mi.

"Ọmọ wa," Àǹtí Dúpẹ́ ló sọ̀rọ̀, "kí ló ṣe ọ́ lẹ́sẹ̀?"

"Ọ̀kadà ni, Mà."

"Nígbà wo?"

"Lánàá."

"Lánàá kẹ̀!" Wọ́n sún àga wọn sẹ́yìn.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀, àbí? Màmá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀, wọ́n gbé oúnjẹ dé, pupuru àti ọbẹ̀ tẹ́ran kún inú rẹ̀. Mo béèrè irú ẹran tó jẹ́. Ìgalà mìíràn tí Bàbá ti pa tẹ́lẹ̀ ni. Yéè! Nílé wa ní Àyèká, a kì í jẹ ìgalà, èèwọ̀ ìdílé wa ni. Mo bá rọra ti ọbẹ̀ sẹ́yìn, mo ṣàlàyé.

"Kí ló sọ ọ́ di èèwọ̀?" Bàbá béèrè.

"Wọ́n ní ìbátan wa ni, sà."

Ọlọ́run nìkan ló mọ ẹni tó ti ọ̀rọ̀ yẹn sí mi lẹ́nu. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Àǹtí Dúpẹ́ ti dé ẹnu ọ̀nà. Bùsáyọ̀ ní, "Ta ló ní kí o máa ròyìn ìkookò? Ta ló bẹ̀ ọ́?" Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ̀rù wá bà mí ní tòótọ́, torí mo rí i pé mo lè pàdánù ọmọ yìí nítorí ẹsẹ̀ tí ọ̀kadà jó.

Bàbá dìde. "Tú báńdéèjì yẹn, kí n rí i."

Mo fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, ó há. Mo tún fà á, kò gbọ́. Àfi kí n bọ́ ọ. Nínú pálọ̀! Níwájú àna! Màmá ju ìró kan sí mi, wọ́n yíjú, Bùsáyọ̀ náà yíjú. Àǹtí Dúpẹ́ ní àwọn ò ní yíjú kankan, àwọn gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ìrù wà níbẹ̀. Inú bí mi débi pé mo ká ìró náà sókè, mo kígbe, "Mà, ẹ wò ó dáadáa! Ṣé ẹ rí ìrù?" Wọ́n sì wò ó lóòótọ́. Ihò tó wà nídìí pátá mi ni wọ́n rí.

Mo tú báńdéèjì. Màmá bẹjú wò ó, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Sàlẹ́ńsà rèé!" Wọ́n na ẹsẹ̀ tiwọn, àpá tiwọn wà níbẹ̀. Àǹtí Dúpẹ́ náà padà wọlé wá fi tiwọn hàn. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọ gíláàsì, wọ́n fìka tẹ ẹsẹ̀ mi yíká, wọ́n ń wá ojú ọta ìbọn. Nígbà tí wọn ò rí i, wọ́n jókòó.

"Bùsáyọ̀, ṣé ọkùnrin yìí lo fẹ́?"

Bùsáyọ̀ nu ojú. "Òun ni, sà. Bó ṣe rí yẹn náà."

"Ó dáa. Ẹ lọ fẹ́ra yín."

A ti ṣègbéyàwó báyìí. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé tí èèyàn bá dé ilé àna, kó kí wọn, kó jókòó, kó panu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà ti pẹ́ jù fún mi. Títí dòní, kí Bàbá tó gbé ìbọn lọ sóko, wọ́n á kọ́kọ́ pè mí. "Ọmọ mi, níbo lo wà?" Màá ní, "Mo wà níbi iṣẹ́, sà." Wọ́n á ní, "Gbé fóònù fún ọ̀gá rẹ." Mo sì ń gbé e fún un o! Ọ̀gá mi á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ó jókòó síwájú mi," àwọn ará ọ́fíìsì á wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe?